Èyí Tó Máa Ń Kùn Kó Tó Dákẹ́

Ìgbìmọ̀ ka owó náà lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
akápò kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí n buwọ́ lùwé.
"Máìkì tí kò ní wáyà ni kó o rà," ni Díákónì Ládọ̀kun wí,
"irú tòde òní, tí kì í pariwo."
Òun ló fẹsẹ̀ kọ wáyà àtijọ́ lọ́jọ́ Ìkórè,
tó ṣubú tòun tiṣu tàgbàdo ọrẹ,
kò sì tíì dárí ji wáyà.

Mo gun ọ̀kadà láti Ìsàlẹ̀-Àfọ́n dé Tákíì.
Eruku ọyẹ́ ti kun gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní pupa.

Kàmọ́rù gbé méjì sórí káńtà.
Ọ̀kan ń dán bíi bàtà ọjọ́ Ọdún:
ó ní ń ṣe ló ń sọ ohùn di òǹkà,
òǹkà ni yóò rìn, òǹkà ni yóò tún ara rẹ̀ kó jọ níbi tó ń lọ.
Èkejì, ẹ̀yà àtijọ́, ohùn gẹ́gẹ́ bí ohùn ló ń fi ránṣẹ́:
á fún un pọ̀ bí ẹni ń di ẹrù ìrìn-àjò,
á tú u bó bá délé,
nínú títú yẹn ni nǹkan kékeré kan ti ń jábọ́,
ṣìì,
bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé ẹlòmíràn.

"Eléyìí fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì dín," ni Kàmọ́rù wí.
"Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, ayé ti kúrò níbẹ̀."

Mo ní kó mú èkíní jáde, kó máa kà lọ.
Ó gba iwájú fọ́káńáísà, ó ń kà,
ó fo gọ́tà, ó ń kà,
ohùn rẹ̀ mọ́ nínú sípíkà bí omi àmù,
ẹẹ́tàlá, ẹẹ́rìnlá—
Kò sí nǹkan mọ́.
Mò ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, ẹnu rẹ̀ ṣì ń mì,
ó ń kà lọ sọ́nà Sábó,
kò mọ̀ pé òun ti dákẹ́.

Bí bàbá mi ṣe lọ nìyẹn.
Ó ń sọ fún mi kí n wá wo igi kaṣú ẹ̀yìnkùlé,
pé ó ti—
Mi ò mọ ohun tí kaṣú náà ti ṣe títí dòní.

Kàmọ́rù padà, ó mú èkejì, ó jáde.
Láti orí ẹ̀sán ni kíkùn náà ti ń ga,
bí àgbà tó ń wúkọ́ kó tó kan ilẹ̀kùn.
Ẹẹ́rìnlá wọnú ṣìì, ṣùgbọ́n ẹẹ́rìnlá ni.
Ẹẹ́rìndínlógún, mo fetí wá a, mo rí i.
Nígbà tó dé ogún, ó ti rẹlẹ̀ gan-an,
bí ohùn ìyá mi lóṣù tó kẹ́yìn,
tí à ń sún àga mọ́ ibùsùn díẹ̀díẹ̀,
tí a sì mọ̀ pé ó yẹ ká máa sún un.

"Èyí ni," mo ní.
Kàmọ́rù wò mí bíi pé oorun ń kùn mí.
A wá ojú ìgbì tí kò sẹ́nì kan níbẹ̀:
lórí èkíní, a bá ìwàásù ìjọ mìíràn pàdé,
lórí èkejì, ẹnì kan ń polówó ilẹ̀ ojú ọ̀nà Ìlọrin,
lórí ẹ̀kẹfà, òfìfo. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì.

Mo dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì padà. Akápò kà á lẹ́ẹ̀mẹta.
Díákónì Ládọ̀kun tẹ́tí sí i, ó ní, "Kí ló ń kùn níbẹ̀ yẹn?"
Mo ní òun náà ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Màmá Oyèbọ̀dé dìde láti ka ẹ̀kọ́ kejì,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ó na Bíbélì jìnnà sójú bí ẹni ń wo ọmọ tó ti ìdálẹ̀ dé.
Nígbà tó kan ẹsẹ kọkànlá,
mo gbọ́ ọ.
Kò sẹ́ni tó yíjú.
Mo dìde, mo rọra ń tẹlẹ̀ lọ,
bátìrì tuntun méjì ń móoru ní àtẹ́lẹwọ́ mi.